Ìrántí Ìyá Àgbà Kì í Ṣe Aṣọ Ẹbí Nìkan

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni. Ohun tó fà á rèé. Nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wa, ibì kan wà tí ọmọ ẹgbẹ́ máa ń kọ ohun tó fẹ́ fi owó ṣe sí. Tẹ́lẹ̀, ohun tí a máa ń kà níbẹ̀ ni "ọjà gàrí", "ọjà aṣọ", "ẹ̀rọ ìránṣọ", "owó ilé-ìwé ọmọ". Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ohun tí à ń rí lemọ́lemọ́ ni "ìrántí ìyá wa àgbà". Ìrántí ọdún kan, ìrántí ọdún márùn-ún, ìrántí ogún ọdún. Ìyá tó ti sùn láti ayé ọjọ́un, a tún fẹ́ ṣe é bí ẹni pé àná ló kú.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan yá ₦300,000, tó sì ní òun á san án tán láàárín oṣù méjìlá. Láìtíì ka èlé mọ́ ọn, ₦25,000 ló gbọ́dọ̀ máa gbé wá lóṣooṣù. Bó bá fi owó náà ra ọjà, èrè orí ọjà ló máa fi san án. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí wọ́n ti jẹ ò lérè, abọ́ oníke tí wọ́n pín ò sì ṣe é gbà padà kí a tún un tà. Ọjà tó wà ní ìsọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò máa fi san gbèsè díẹ̀díẹ̀, títí ìsọ̀ á fi ṣófo. Nígbà tó bá yá, onídùúró rẹ̀ á máa wá a kiri, òun náà á sì máa gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kí wọ́n má bàa pàdé. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ara wọn. Ṣé ohun tí ìyá àgbà fẹ́ nìyẹn?

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ẹ̀yẹ fún ìyá rẹ̀ o. Àwa náà ní ìyá, àwa náà ti wọ aṣọ ẹbí rí, a sì ti jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwa náà sì la fọwọ́ sí àwọn fọ́ọ̀mù tí à ń wí yìí, nítorí náà a ò lè bọ́ nínú ẹ̀bi rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa ni pé: kí ni à ń pè ní ìrántí gan-an? Kí a lè rí ìdáhùn, ẹ jẹ́ ká wo ìyá àgbà kan tí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ti gbogbo ọlọ́jà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ti ìsọ̀ l'Abẹ́òkúta

Ní 1978, nígbà tí wọ́n sin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì l'Abẹ́òkúta, sínú ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tú jáde. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn, káàkiri ìlú náà. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọjọ́ kan tí a ò bá tajà, oúnjẹ ọjọ́ kan ló lọ yẹn. Ọlọ́jà kì í ti ìsọ̀ nítorí ẹni tí kò ṣe é lóore.

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé lónìí pé ta ni ìyá yìí, á ní òun ni obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Bí a bá bi àwọn géńdé tó wà ní gáréèjì, wọ́n á ní ìyá Fẹlá ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀ pé ó wa mọ́tò, òun ló sì bí Fẹlá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ló máa ti ìsọ̀ rẹ̀ pa nítorí pé ẹnì kan wa mọ́tò? Ohun mìíràn wà tí àwọn ìyá Abẹ́òkúta mọ̀, tí àwa ti gbàgbé.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 1900. Nígbà tí Abẹ́òkúta Grammar School bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin ní 1914, òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọlé. Ó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ní 1919, ó sì padà dé ní 1922. Nígbà tó ń lọ, Frances Abigail ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó dé, ó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Ní 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Àwọn tó sún mọ́ wọn ń pe ọkọ ní Dáódù, wọ́n sì ń pe ìyàwó ní Béèrè. Béèrè náà ni àwa ó máa pè é níhìn-ín.

Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní 1932, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ni. Wọ́n ń kọ́ ara wọn ní aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti bí a ti ń gba àlejò. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ní 1944 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò mọ̀wé wá bá a pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ti ń kàwé. Béèrè ò sọ fún un pé ó ti dàgbà jù. Láti orí ẹnì kan yẹn ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, tó fi di pé àwọn ìyá ọjà ń péjọ láti kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ. Wọlé Ṣóyínká, tí ìyá tirẹ̀ náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, sọ nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Aké, èyí tó jáde ní 1981, bí òun tí òun jẹ́ ọmọdé ṣe ń bá wọn kọ́ àwọn ìyá náà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí olùkọ́ àti ọlọ́jà jọ jókòó. Olùkọ́ ń kọ́ ọlọ́jà ní a, b, d. Ọlọ́jà náà ń kọ́ olùkọ́ ní ohun tí ojú ń rí lọ́jà. Wọ́n sọ fún Béèrè bí àwọn agbófinró ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn lásìkò ogun Hitler, láìsan owó tó yẹ. Béèrè àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn aláṣẹ lọ, wọ́n sì gbé e dé inú ìwé ìròyìn. Ní 1945, ìrẹsì gbígbà dáwọ́ dúró. Ìgbà yẹn ni ó yé tọ̀tún tòsì pé ẹni tó mọ̀wé láìmọ ọjà, ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì pé, ẹni tó sì mọ ọjà láìmọ ìwé, wọ́n lè gbá a lójú gba ohun ọwọ́ rẹ̀.

Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Béèrè bọ́ kaba òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá bíi tiwọn. Níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, Yorùbá ló ń sọ, kí àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ lè gbọ́ ohun tí òun ń bá wọn sọ. Ó kù sọ́wọ́ òyìnbó láti wá ògbufọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀ tán, wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ tó 20,000. Ẹ̀yin akápò wa, ṣé ẹ gbọ́? Àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ la wí o, a ò sọ pé àwọn tó kàn ń wá jẹun ọdún.

Owó orí ni ìjà tó wá le jù. L'Abẹ́òkúta, wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án nìyẹn, nígbà tí wọ́n máa ń dúró kí ọmọkùnrin pé 16. Orúkọ Aláké, Ọba Adémọ́lá Kejì, ni wọ́n fi ń gbà á, ìjọba òyìnbó ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu bí wọ́n ó ti ná owó náà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ fi ara yín sí ipò wọn: ẹ̀ ń dáwó lóṣooṣù, wọn ò pè yín sí ìpàdé, wọn ò ka ìwé ìṣirò fún yín, bí ẹ bá sì béèrè, wọ́n á ní kí ẹ panu mọ́.

Wọ́n kọ ìwé, wọ́n rán aṣojú, kò gbọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ́de, wọn ò fún wọn láyè. Wọ́n ní ó dáa, bí wọn ò bá fẹ́ ìwọ́de, àwọn fẹ́ jáde lọ ṣe fàájì ni, àwọn fẹ́ lọ ṣọdún ni. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó dó sí iwájú ààfin, tí wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n tún padà wá. Béèrè ti kọ́ wọn ní ohun tí wọn ó ṣe bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú sí wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò mọ sí owó orí. Wọ́n ní kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó dípò ìyá oníṣòwò, kí wọ́n fi owó ìlú ṣe ọ̀nà, ìmọ́tótó àti ilé-ìwé, kí obìnrin sì ní ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìjọba.

Ní 1948 wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Kábíyèsí fi orí oyè sílẹ̀. Òótọ́ ni pé Kábíyèsí padà sórí oyè ní oṣù kejìlá 1950, nítorí ìjà ẹ̀tọ́ kì í parí lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìyá náà ti kọ́, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Orin tí a kì í háyà

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé orin. Ilé tí Béèrè fẹ́ ọkọ sí, ilé orin ni. Bàbá ọkọ rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, tó gbé ayé láti 1855 sí 1930, a máa fi ohùn tiwa kọ orin ìsìn, kì í dúró lórí ohùn òyìnbó. Ní 1922 ó kọ orin Yorùbá sínú àwo ní London. Àwọn àwo yẹn wà lára àwọn àwo orin Yorùbá tó pẹ́ jù lọ. Fẹlá ọmọ Béèrè lọ kọ́ orin ní London ní 1958. Àwọn ọmọ Fẹlá, Fẹ́mi àti Ṣeun, gbé e, Mádé ọmọ Fẹ́mi náà sì ti gbé e. Bí a bá kà á láti orí bàbá àgbà náà, ìran karùn-ún rèé. Àwọn tó kọ̀wé nípa Fẹlá sọ pé ìyá rẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn pé kó máa kọ irú orin tí yóò yé àwọn èèyàn rẹ̀. Ìmọ̀ràn ìyá nìyẹn, ẹ sì mọ ibi tó gbé e dé.

Ṣùgbọ́n orin kan wà tí kò sí nínú àwo kankan. Níwájú ààfin ní 1947, orin ni àwọn ìyá ọjà fi sọ tẹnu wọn. Orin ẹ̀gàn ni, orin ìbéèrè ni, orin owe ni. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí Béèrè kọ, ìwọ̀nba èèyàn ló lè kà á. Orin, ẹni tí kò mọ̀wé rárá lè kọ ọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ ọ, ọmọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ náà á sì mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun ló fi di pé ẹgbàárùn-ún obìnrin lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àìrìn pọ̀ ni ejò fi ń jìyà, a sì mọ̀ pé orin ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè rìn pọ̀.

Ẹ wá fi èyí wé tiwa. A ó yá owó, a ó fi háyà olórin tí kò mọ ìyá àgbà rí. Orúkọ wa ni yóò máa kì, bí a bá ti ń ná an lówó sí ni. Bí ọwọ́ wa bá sinmi, ẹnu tirẹ̀ náà á sinmi, á yí sí ẹlòmíràn. Orin tí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ń kọ nígbà tó bá ń lọ ata, èyí tó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, oríkì tó fi ń jí wa láàárọ̀, ta ló rántí rẹ̀ délẹ̀ nínú wa? Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Èèyàn mélòó ló ti gba ohùn ìyá rẹ̀ sí i, tó sì jẹ́ pé inú rẹ̀ kún fún àwàdà tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa lójoojúmọ́?

Ọmọ àti ìlú

Ẹnì kan lè béèrè pé obìnrin tó ń bá ìjọba fà á báyìí, ta ló ń bá a tọ́mọ? Òun àti ọkọ rẹ̀ ni. Ilé náà le o. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ pé pàṣán ò jìnnà sí ọwọ́ àwọn òbí òun. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Dọlúpọ̀ di nọ́ọ̀sì. Olíkóyè di dókítà àwọn ọmọdé, ó sì ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń tọ́mọ nígbà yẹn, ẹ ò ní gbàgbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ní ká máa fún ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bẹ́kọ̀ náà di dókítà, ó bá wọn jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ó sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ọ̀nà orin ni Fẹlá gbà. Ọ̀nà wọn kò dọ́gba, a ò sì sọ pé gbogbo ìwà wọn ló bá gbogbo èèyàn lára mu. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ọ̀rọ̀ ìlú ò kan òun. Inú ilé ni wọ́n ti rí i.

Ilé ọmọ náà ni ìyà ti bá ìyá. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì dáná sun ún. Béèrè, ẹni ọdún 76, wà nínú ilé náà. Wọ́n jù ú sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò, ó sì jáde láyé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní sójà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣiṣẹ́ ibi yẹn. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí ikú rẹ̀ ju ayé rẹ̀ lọ. Ẹ̀dùn ọkàn ni, ṣùgbọ́n kí ikú má gba ipò iṣẹ́.

Àwọn aláṣẹ náà ti gbìyànjú láti ṣe é lẹ́yẹ. Ní 2012, báńkì ìjọba àpapọ̀ ní àwọn fẹ́ tẹ owó ₦5,000 jáde, kí àwòrán obìnrin mẹ́ta sì wà lára rẹ̀: Margaret Ekpo, Gambo Sawaba àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ariwo pọ̀, wọ́n sì dá owó náà dúró lọ́dún yẹn gan-an. Ní 2024, sinimá kan nípa ayé rẹ̀ jáde. A ò lòdì sí ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ tẹ owó náà, ìyá tí kò mọ̀wé yóò ná an láì lè ka orúkọ Béèrè lára rẹ̀. Ìrántí wo nìyẹn fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti orí kíkọ́ ọ̀rẹ́ kan ní ìwé?

Àbá wa

Ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà. Ó ti pẹ́ o. Síbẹ̀, lónìí, nínú ẹgbẹ́ wa yìí, àwọn ìyá kan ṣì wà tó jẹ́ ìtẹ̀ka ni wọ́n fi ń gba owó. Akọ̀wé á kọ ọ́, ìyá á tẹ̀ ẹ́. Bí akọ̀wé bá jẹ́ olóòótọ́, ọpẹ́ ni. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́ ńkọ́? Ní ti báńkì, fóònù á dún, ọmọ aládùúgbò ni yóò bá wọn ka iye tó wọlé. Àwọn oníjìbìtì ti mọ èyí, wọ́n á ra ọjà, wọ́n á fi àlẹ́ẹ̀tì irọ́ hàn, wọ́n á sì gbé ẹrù lọ. Ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá l'Abẹ́òkúta nígbà ogun, ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń gbà á. Tiwa yìí, inú fóònù wa ni wọ́n ti ń gbà á.

Nítorí náà, àbá wa rèé. Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa ya ìrọ̀lẹ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà. Kí ẹni tó bá mọ̀wé nínú wa kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ìwé owó wa ni kí a fi bẹ̀rẹ̀: kí ìyá kọ̀ọ̀kan lè ka orúkọ ara rẹ̀, iye tó fi pamọ́, iye tó yá, èlé orí rẹ̀ àti iye tó kù. Lẹ́yìn náà, kí a kọ́ bí a ti ń ka àlẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ wa tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì náà lè bá wa kọ́ wọn.

Èkejì, kí a má fi owó ẹ̀yáwó ọjà ṣe ìrántí mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìrántí ìyá òun ń bọ̀ lọ́dún méjì òní, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó rẹ̀ pamọ́ lọ́tọ̀ láti ìsinsìnyí, kí ó sì ṣe é bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Ẹ̀yáwó wà fún ohun tó máa mú owó wọlé, àti fún ilé-ìwé ọmọ, àti fún àìsàn. Èyí tó bá jẹ́ ti ìnáwó ijó, kí àpò onínàáwó gbé e.

Ẹ̀kẹta, bí a bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá ẹnì kan rántí ìyá rẹ̀, kí ó wá sí ìpàdé kó sọ ohun kan tí ìyá náà ṣe fún ilé, fún ọjà tàbí fún àdúgbò. Bó bá lórin, kó kọ ọ́, a ó gbè é. A ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan á fèsì. Wọ́n á ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a ò sì lè já a nírọ́. Wọ́n á ní bí àwọn ò bá ṣe é, ará ilé ọkọ á fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní òtòṣì ni àwọn. Àwa náà mọ bí ẹnu ará ilé ṣe rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wí yẹn kì í bá ni san ẹ̀yáwó. Àgbà ló sì sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìyá àgbà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tajà kí ọmọ rẹ̀ má bàa jẹ gbèsè, bí a bá wọ gbèsè nítorí orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ la bà jẹ́ yẹn.

Àwọn mìíràn á ní orí àwọn ìyá wọ̀nyí ti le, pé ìwé ò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni ì bá pa ẹ̀kọ́ Béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1944. Ìyá tó lè fi orí ṣírò èrè igba ọ̀sán láìlo ìwé, tó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọdún tó kọjá, tí kò sì gbàgbé kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, ẹ má sọ fún wa pé a, b, d ló máa ṣòro fún irú orí bẹ́ẹ̀.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Ẹ wá, ẹ má rán ọmọ. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó sọ. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó dìde, kó sọ tirẹ̀ náà, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìwé, kó má tijú, kó wá pẹ̀lú ìwé owó rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ gbogbo ìyá àgbà wa tó ti lọ sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì dá àwọn tó kù sí fún wa. Ẹ bá wa kí wọn nílé o.

Àwa Olóòtú